Orúkọ Òjò Kò Gbọ́dọ̀ Ṣini Lọ́nà: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìjì Ìgbà Òtútù ní Etí Òkun Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan olùtúmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kan baba ọmọ. Ẹni tí yóò bá fún ohun àjèjì ní orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ilé tí ohun náà ti wá. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe ń wáyé, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi òwe náà yẹ àwọn ọ̀rọ̀ kan wò, èyíinì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìjì ìgbà òtútù tí ó máa ń jà ní etí òkun ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àti ìpalẹ̀mọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe dè é.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ó kan Yorùbá nínú òjò dídì. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé ní New York, ní Providence àti ní Boston, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa mú ìyá tàbí baba wọn wá láti ilé láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo irú ìyá bẹ́ẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ rẹ̀. Ó ti lọ sí ibi iṣẹ́ òru, nítorí pé ilé ìwòsàn kì í ti ilẹ̀kùn nítorí ìjì. Ìyá nìkan ni ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ kan tí a túmọ̀ sí Yorùbá wà lórí tábìlì, ohun tí ó sì sọ kò ju pé yìnyín ń bọ̀.

Kí ni ìyá yóò ṣe? Yìnyín tí òun mọ̀ nílé ni èyí tí ń bọ́ lu páànù bí òkúta wẹ́wẹ́ nígbà àkọ́rọ̀ òjò, tí àwọn ọmọdé a máa sáré lọ ṣà jẹ, tí a sì tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyá yóò ní kí yìnyín máa bọ̀. Kò ní pọn omi sílẹ̀, kò ní wá tọ́ọ̀ṣì, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò ṣílẹ̀kùn láti lọ da ilẹ̀ nù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní tí yóò gbé sórí àtẹ̀gùn lè jẹ́ èyí tí yóò fi dá a ní itan.

Èyí ni ó mú wa sọ pé ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni à ń wá nínú iṣẹ́ èdè-ìperí. Nínú irú ọ̀ràn yìí, ẹ̀mí ènìyàn ni à ń dáàbò bò. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun mẹ́rin tí ìpalẹ̀mọ́ wọn kò dọ́gba, a kò tíì túmọ̀ ohunkóhun fún ẹni tí ń gbọ́ wa.

Irú ìjì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ní ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù tí ó gbẹ a máa sọ̀ kalẹ̀ láti ilẹ̀ Kánádà. Ní etí òkun Àtìláńtíìkì ẹ̀wẹ̀, ìṣàn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan wà tí a ń pè ní Gulf Stream, tí ń mú kí afẹ́fẹ́ orí òkun móoru kí ó sì kún fún ọ̀rinrin. Ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì yìí bá ti pàdé, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ lè lọ sílẹ̀ gan-an, kí ìjì sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ó máa gba etí òkun lọ sí ìhà àríwá. Afẹ́fẹ́ a máa yí ojú ìjì náà ká ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Nítorí náà, ẹni tí ó wà létí òkun ní Boston yóò rí i pé láti àríwá-ìlà-oòrùn, láti orí omi, ni ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ bọ̀ wá bá òun. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní nor'easter.

Níhìn-ín gan-an ni ìṣòro olùtúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pè é ní “ìjì àríwá-ìlà-oòrùn” lásán, ẹni tí ó gbọ́ lè rò pé ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ìlú ni ìjì náà yóò ti jà, kí ẹni tí ń gbé ní gúúsù ìlú sì fọkàn balẹ̀. Àbá wa ni pé kí a máa lo “ìjì etí òkun” fún gbogbo ènìyàn, kí a sì fi “ìjì ẹ̀fúùfù àríwá-ìlà-oòrùn” sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀kọ́, níbi tí olùkọ́ ti lè ṣàlàyé pé ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀ ni a fi ń pè é, kì í ṣe ibi tí ó ń lọ.

Àṣìṣe mìíràn tí ó wọ́pọ̀ ni pípe ìgbà òtútù ilẹ̀ òkèèrè ní “ìgbà ọyẹ́”. Ọyẹ́ gbẹ; ó ń la ètè, ó ń gbẹ awọ, ó sì ń mú kí iná ran. Ìjì tí à ń sọ yìí kún fún omi ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọyẹ́ yóò wá ìpara àti aṣọ ìbora, kò ní ronú nípa omi tí ó ti di òkúta lẹ́nu ọ̀nà. “Ìgbà òtútù” kò ní àwọ̀ bí ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1978

Kí òǹkàwé lè mọ bí ọ̀rọ̀ ìjì yìí ṣe tó, a ó mẹ́nu ba èyí tí ó jà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts àti Rhode Island ní ọjọ́ 6 àti 7 oṣù kejì ọdún 1978. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀. Wọ́n ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Ajé ni òjò dídì yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àsọtẹ́lẹ̀ ti yẹ̀, wọ́n bá wọ mọ́tò lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ìjì dé pẹ̀lú agbára. Gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti sáré darí sílé, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mọ́tò tí òjò dídì há mọ́ ojú ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo tí ó yí Boston ká.

Òjò dídì tí ó bọ́ sí Boston nínú ìjì náà ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 69. Àwọn tí ó kú lápapọ̀ tó nǹkan bí 100. Gómìnà ìpínlẹ̀ Massachusetts nígbà náà, Michael Dukakis, fòfin de wíwa mọ́tò fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí olùtúmọ̀ dì mú nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe pé a kò kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wákàtí tí a dá kọjá, wọ́n rò pé ewu náà ti kọjá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a bá fi sọ àkókò ìjì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tí ó pẹ́ kì í ṣe ohun tí kò ní wá.

Ohun mẹ́rin tí ń bọ́ láti òkè

Nínú èdè Yorùbá ojoojúmọ́, “yìnyín” ni púpọ̀ nínú wa ń pe ohunkóhun tí ó bá tutù, tí ó sì le, tí ó bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti rí i pé èyí kò tó. Wọ́n lo “òjò dídì” fún ohun funfun rírọ̀ tí ń bò orí òkè, wọ́n sì fi “yìnyín” sílẹ̀ fún èyí tí ń bọ́ bí òkúta. Ìpín méjì yìí wúlò, ó sì ti wọ etí àwọn àgbàlagbà wa. Ṣùgbọ́n fún ìjì etí òkun Amẹ́ríkà, méjì kò tó. Mẹ́rin ni a nílò. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń wáyé ni yóò jẹ́ kí a mọ orúkọ tí ó tọ́ sí i.

Ọ̀kan ni òjò dídì. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù láti inú ìkúùkù títí dé ilẹ̀, ọ̀rinrin inú rẹ̀ a di ègé kéékèèké onígun mẹ́fà, wọn a so mọ́ ara wọn, wọn a sì máa bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú. A lè kó o nílẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń pọ̀: ó ń bo mọ́tò, ó ń dí ilẹ̀kùn, ó sì ń wúwo lórí òrùlé.

Èkejì ni èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sleet. Òjò dídì ni ó jẹ́ nígbà tí ó kúrò lókè, ṣùgbọ́n ó gba inú afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan kọjá lójú ọ̀nà, ó sì yọ́. Kí ó tó dé ilẹ̀, ó tún bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tútù tí ó nípọn, ó sì di hóró líle. Ó ń dún pàràpàrà lára fèrèsé. A dá a lábàá pé kí a pè é ní “òjò oníhóró”.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Bákan náà ni ìrìn rẹ̀ rí pẹ̀lú èkejì, àyàfi pé afẹ́fẹ́ tútù tí ó wà nítòsí ilẹ̀ kò nípọn tó láti sọ ọ́ di hóró kí ó tó balẹ̀. Omi ni ó jẹ́ títí tí ó fi balẹ̀. Bí ó bá ti kan ilẹ̀, àtẹ̀gùn, ẹ̀ka igi tàbí wáyà iná, kíá ni ó dì mọ́ ọn bí ìgbà tí a da gíláàsì yíyọ́ lé nǹkan lórí. Ẹni tí ó wo ìta láti ojú fèrèsé yóò rò pé òjò lásán ni.

Ẹ wò ó báyìí: bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ó ti dún, ẹ̀kẹta yìí gan-an ni ìbá jẹ́ “òjò dídì”, nítorí òjò ni, ó sì dì. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti ní olówó. A kò lè gbà á lọ́wọ́ òjò funfun láì da ìyá ilé wa rú. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a pe ẹ̀kẹta ní “òjò adìmọ́lẹ̀”. Orúkọ náà sọ ohun tí ó ń ṣe àti ibi tí ó ti ń ṣe é: kò dì lókè, ilẹ̀ ni ó dì mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ibi tí òun yóò gbé ẹsẹ̀ lé ni ewu wà.

Ẹ̀kẹrin ni yìnyín tiwa gan-an. Inú ìjì tí ń sán ààrá ni ó ti ń wáyé, níbi tí afẹ́fẹ́ tí ń ru sókè ti ń gbé ẹ̀kán omi lọ sí òkè réré títí tí yóò fi dì, tí yóò sì máa tóbi sí i. Ìgbà tí ooru bá mú ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú ìjì ìgbà òtútù, a kì í sábà rí i. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí olùtúmọ̀ tètè máa ń mú lò ni ó jìnnà jù sí ohun tí ń bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń ya irun kan sí méjì, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2008. Òjò adìmọ́lẹ̀ rọ̀ ní agbègbè New England àti ní apá kan ìpínlẹ̀ New York. Igi wó, wáyà iná já, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan ilé àti ibi iṣẹ́ tí iná kú fún. Àwọn mìíràn lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú òkùnkùn àti òtútù. Ẹni tí a sọ fún pé òjò dídì ń bọ̀ yóò ra ṣọ́bìrì; ẹni tí a sọ fún pé òjò adìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ yóò wá tọ́ọ̀ṣì, bátìrì àti aṣọ ìbora.

Ohun kan kù tí kì í bọ́ láti òkè rárá. Omi tí ó yọ́ lọ́sàn-án a tún máa dì lóru, yóò sì tẹ́ pẹlẹbẹ lójú ọ̀nà, títàn-án-tàn-án, tí a fi ń rí àwọ̀ ọ̀dà títì láti abẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń fi àwọ̀ dúdú pè é, ṣùgbọ́n kò dúdú. A kò kàn rí i ni. Bí a bá kọ “yìnyín dúdú”, ohun dúdú ni ìyá yóò máa wá kiri títí yóò fi ṣubú lórí èyí tí kò láwọ̀. “Omi-dídì afarapamọ́” ni àbá tiwa.

Ìtanilólobó àti ìkìlọ̀

Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ìpele ọ̀rọ̀ tí ó fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Méjì nínú wọn ni watch àti warning. Èkíní ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìjì wáyé, àyè sì ṣì wà láti palẹ̀ mọ́. Èkejì ń sọ pé ìjì ti dé tán tàbí pé ó ti ń jà. Bí a bá pe méjèèjì ní “ìkìlọ̀”, a ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Bí a bá sì túmọ̀ èkíní sí “ìṣọ́ ìjì”, àìsùn inú ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ a máa ta á lólobó. Olobó kò ní kí o sá, ṣùgbọ́n ẹni tí a ta lólobó kì í sùn gbàgbé. Nítorí náà, “ìtanilólobó” ni kí a máa lò fún èkíní, kí “ìkìlọ̀” dúró fún èkejì. Ní ọjọ́ ìtanilólobó ni a ń ra nǹkan. Ní ọjọ́ ìkìlọ̀, a ti gbọ́dọ̀ wà nínú ilé.

Ìkìlọ̀ kan wà tí ó ga ju àwọn yòókù lọ, èyíinì ni ti blizzard. Ọ̀pọ̀ rò pé òjò dídì púpọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ náà ti là á sílẹ̀, ẹ̀fúùfù gbọ́dọ̀ máa fẹ́ tó máìlì 35 ní wákàtí kan, kí òjò dídì tí ń fò kiri máà jẹ́ kí ojú ríran tó nǹkan bí mítà 400, kí èyí sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Àìríran ni ẹ̀rí rẹ̀, kì í ṣe bí òjò dídì ṣe ga tó. A dá “ìjì adínilójú” lábàá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé òun lè ṣìnà láàárín ilé òun àti ti aládùúgbò.

Ọ̀rọ̀ ìpalẹ̀mọ́

Bí orúkọ ìjì bá ti yé ènìyàn, ìtọ́ni ni ó kù. Ìtọ́ni náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé àṣà ń bá a jà.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n máa ń ní kí ìdílé tọ́jú nǹkan bí lítà 4 omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí kò ṣòro fún ìyá wa. Ẹni tí ó mọ ìkòkò àmù mọ omi títọ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń ní kí a ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ kí omi máa kán tó, tó, tó, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìyá tí ó ti fi orí ru omi láti odò yóò dìde lóru, yóò sì tì í pa. Òun rò pé ìwà ìmẹ́lẹ́ ni. Bí a kò bá sọ ìdí fún un, ìtọ́ni náà kò wúlò. Ìdí rẹ̀ ni pé bí omi bá dì, ó ń fẹ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, agbára ìfẹ̀ náà sì lè mú kí páìpù bẹ́. Omi tí ń rìn kì í tètè dì, kíkán rẹ̀ sì ń mú kí agbára tí ó ń ti páìpù dínkù.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí iná bá kú, fìríìjì tí a kò ṣí lè pa oúnjẹ mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 4. Ibi ìmú-nǹkan-dì tí ó kún dẹ́múdẹ́mú lè pa tirẹ̀ mọ́ tó wákàtí 48. Nítorí náà, “ẹ má ṣe ṣí fìríìjì” ju “ẹ tọ́jú oúnjẹ” lọ.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni ó ká wa lára jù, nítorí pé àwa gan-an ni a mọ jẹnẹrétọ̀ lò. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì ń jáde láti inú rẹ̀, láti inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, àti láti ara ẹ̀yinná èédú tí a bá gbé wọlé. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí olùtúmọ̀ bá kọ “ẹ ṣọ́ra fún èéfín”, ìyá yóò wò yíká. Nígbà tí kò rí èéfín, yóò ní kò séwu. Àbá wa ni “afẹ́fẹ́ apaniláìfura”, kí a sì fi orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ tì í. Ìtọ́ni náà gbọ́dọ̀ ṣe tààrà: ìta ni ibi jẹnẹrétọ̀, kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 6 ó kéré tán, kì í ṣe inú ilé, kì í ṣe fàráńdà, kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí tí a ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìjì 1978, afẹ́fẹ́ yìí ni ó pa àwọn kan nínú mọ́tò tí ó há sójú ọ̀nà, nítorí pé òjò dídì ti dí ẹnu sàlẹ́ńsà. Ẹni tí ó bá há gbọ́dọ̀ gbẹ́ òjò dídì kúrò nídìí sàlẹ́ńsà kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì.

Iyọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. A máa ń fọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé omi iyọ̀ kì í dì ní ibi tí omi lásán ti ń dì. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá pọ̀ jù, agbára iyọ̀ a tán. Yanrìn ni a ó fọ́n nígbà náà, kí ẹsẹ̀ lè rí ibi dì mú. Ní ti òjò dídì kíkó, iṣẹ́ àṣekára ni. Àwọn dókítà a máa kìlọ̀ fún àgbàlagbà àti ẹni tí ọkàn ń dà láàmú pé kí wọ́n má ṣe dá a ṣe.

Òtútù àmọ̀lára àti omi òkun

Ohun méjì kù tí ẹ̀fúùfù ń ṣe. Ọ̀kan ni pé ó ń gba ooru kúrò lára ènìyàn. Bí òṣùwọ̀n Celsius bá fi dígírì 18 hàn nísàlẹ̀ òdo, tí ẹ̀fúùfù sì ń fẹ́ ní nǹkan bí kìlómítà 24 ní wákàtí kan, bí ìgbà tí ó jẹ́ dígírì 28 nísàlẹ̀ òdo ni yóò rí lára wa, awọ tí a kò bò sì lè dì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀fúùfù kò mú kí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù sí i. Ara ẹlẹ́mìí ni ó ń tètè fi ooru sílẹ̀. Nítorí èyí, “òtútù àmọ̀lára” ni a ó pè é, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òtútù orí òṣùwọ̀n.

Èkejì ni pé ó ń ti òkun wọ ìlú. Ní 1978, ìjì náà bọ́ sí ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé, tí òkun ń kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìgbì sì wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé etí òkun. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2018, omi ní èbúté Boston tún ga tó ti 1978, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ kọjá rẹ̀. Fún èyí, a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun pátápátá. Yorùbá mọ omíyalé. Àwọn ará Ìlàjẹ, pàápàá ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, mọ ohun tí ó jẹ́ kí òkun wọlé báni. “Omíyalé òkun” yóò yé ènìyàn ju ọ̀rọ̀ kọ́rọ̀ lọ. Ohun tí olùtúmọ̀ yóò fi kún un ni wákàtí tí òkun yóò kún, nítorí ìgbà náà ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Àkójọ àwọn àbá wa

Ìjì etí òkun: ìjì ńlá ìgbà òtútù tí ń gba etí òkun kọjá.
Òjò dídì: òjò funfun tí ń bọ́ bí òwú.
Òjò oníhóró: òjò tí ó di hóró kí ó tó balẹ̀.
Òjò adìmọ́lẹ̀: òjò tí ó dì lẹ́yìn tí ó balẹ̀.
Omi-dídì afarapamọ́: omi tí ó dì pẹlẹbẹ lójú ọ̀nà tí ojú kò tètè rí.
Ìtanilólobó: ìjì lè wáyé, ẹ palẹ̀ mọ́.
Ìkìlọ̀: ìjì ti dé tán, ẹ wọlé.
Ìjì adínilójú: ẹ̀fúùfù àti òjò dídì tí kò jẹ́ kí a ríran.
Òtútù àmọ̀lára: òtútù bí ẹ̀fúùfù ṣe mú kí ó rí lára.
Afẹ́fẹ́ apaniláìfura: kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì.
Omíyalé òkun: òkun tí ìjì tì wọ ìlú.

Ìkádìí

Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ni ó ti hàn gbangba pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì fi ọ̀nà han àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tí a fi kún un níhìn-ín kò ju pé ọ̀rọ̀-ìperí ní ilé mìíràn tí ó ń gbé yàtọ̀ sí kíláàsì. Ó ń gbé ní ilé ìdáná ìyá tí ó wà ní ìlú òkèèrè lóru ọjọ́ ìjì.

A kò sọ pé àwọn àbá wọ̀nyí ni abẹ gé. Kí olùkọ́ àti olùtúmọ̀ gbé wọn tọ àwọn àgbàlagbà lọ, kí wọ́n kà wọ́n sí wọn létí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe béèrè pé, “Ṣé ó yé yín, mà?” nítorí pé àgbà yóò dáhùn pé ó yé òun, kí ọmọ má baà tijú. Kí wọ́n béèrè pé, “Mà, bí ẹ bá gbọ́ eléyìí, kí ni ẹ ó ṣe?” Bí ìyá bá ní òun yóò jókòó sílé, òun kò ní ṣí fìríìjì, òun yóò sì jẹ́ kí omi máa kán, ọ̀rọ̀ náà ti yege. Bí ó bá ní òun yóò jáde lọ ṣà á fún ọmọ-ọmọ òun jẹ, kí a tún padà lọ wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.